Ganvié, ìlú orí ọ̀sà

Láti èbúté Abomey-Calavi, nítòsí Kútọnu lórílẹ̀-èdè Benin, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé àlejò dé Ganvié. Kò sọ́nà mọ́tò. Orí òpó igi ni àwọn Tofinu tó ń gbé ibẹ̀ kọ́lé sí lórí ọ̀sà Nokoué. Ìtàn wọn ni pé láyé òwò ẹrú ni àwọn baba ńlá wọn sá fún jagunjagun Dàhòmì wá síbẹ̀, torí èèwọ̀ kò jẹ́ kí àwọn yẹn jagun lórí omi.

Ilé ni àlejò máa ń yà ní fọ́tò, àmọ́ acadja, ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja, ló yẹ kó tẹjú mọ́. Apẹja á kó ẹ̀ka igi, á rì í mọ́ ẹrẹ̀ níbi tí omi kò jìn, títí yóò fi dà bí igbó kékeré. Ewédò á hù mọ́ igi, ẹja á wá jẹ ẹ́, á sì bímọ síbẹ̀. Bó bá ṣe oṣù mélòó kan, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á fa igi kúrò, wọ́n á kó ẹja. Ẹja sísìn ni èyí, kì í ṣe pípa lásán. Ṣùgbọ́n igi tó ń jẹrà ń dí ọ̀sà, igbó etí omi sì ń tán lọ.

Ìyàwó ló ń ra ẹja lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń rà á! Òun ló ń yan án, òun ló ń tà á.

Obìnrin tó ń tajà nínú ọkọ̀ sábà máa ń fi àkẹtẹ̀ bojú bó bá rí kámẹ́rà. Kí àlejò kọ́kọ́ tọrọ àyè.