Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Ní oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí ìdìbò ààrẹ ku ọjọ́ díẹ̀, àwòrán kan yí ká orí fóònù gbogbo wa. NOIPolls ló ṣe ìwádìí náà fún ANAP Foundation. Wọ́n pe àwọn èèyàn lórí fóònù káàkiri Nàìjíríà, wọ́n bi wọ́n pé ta ni wọ́n máa dìbò fún. Peter Obi gba 21 nínú 100, Bola Tinubu gba 13, Atiku Abubakar gba 10, Rabiu Kwankwaso gba 3. Ìdìbò wáyé ní ọjọ́ 25 oṣù náà. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, INEC kéde èsì: Tinubu 8,794,726, Atiku 6,984,520, Obi 6,101,533.

Àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e kò tíì parí dòní. Àwọn kan ní ìwádìí yẹn jẹ́rìí sí i pé wọ́n jí ìbò. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni ìwádìí náà látìbẹ̀rẹ̀, pé wọ́n kàn fi ń tan ọ̀dọ́ jẹ ni. A ò ní bá ẹnikẹ́ni jà níbí o. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ro ó pọ̀: 21, 13, 10, 3. Mélòó ló jẹ́? 47. Ibo wá ni 53 tó kù wà?

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, àwọn tí kò tíì pinnu àti àwọn tó ní àwọn ò ní sọ ló kún ibẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Gbogbo wa ń pariwo ta ló ṣíwájú, àwọn tí kò sọ̀rọ̀ sì pọ̀ ju gbogbo àwọn tó sọ̀rọ̀ lọ.

Ìwádìí èrò ará ìlú kì í ṣe idán. Ẹni tó bá fẹ́ ra gàárì ní ọjà Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde wa níbí, kì í jẹ odidi àpò kó tó mọ̀ bóyá ó kan dáadáa. Á bù díẹ̀ sátẹ́lẹ́ ọwọ́, á dà á sẹ́nu, ó tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni tàwọn olùwádìí. Tí wọ́n bá ṣa 1,000 èèyàn láìṣojúsàájú, ohun tí wọ́n gbọ́ kì í sábà fi ju nǹkan bíi 3 nínú 100 lọ yàtọ̀ sí òótọ́, ì báà jẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde nìkan ni wọ́n ń wádìí àbí gbogbo Nàìjíríà. Tí wọ́n bá fẹ́ kí àṣìṣe yẹn dín kù sí ìdajì, àfi kí wọ́n bi èèyàn ìlọ́po mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n oníbàárà tó gbọ́n kì í bù lókè àpò nìkan. Á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ wọlẹ̀, torí òun náà mọ̀ pé ibi tó dáa jù ni wọ́n ń kó sókè. Lọ́dún 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí mílíọ̀nù 10 èèyàn, àwọn tó sì fèsì ju mílíọ̀nù 2 lọ. Wọ́n ní Alf Landon ló máa wọlé. Franklin Roosevelt ló wọlé, ìpínlẹ̀ 46 nínú 48 ló sì mú. Ibo ni wọ́n ti rí orúkọ àwọn tí wọ́n kọ̀wé sí? Lára àwọn tó ní fóònù àtàwọn tó ní mọ́tò, lásìkò tí ebi ń pa ìlú. Ó dà bí ẹni tó lọ ka ẹṣin ní Ojúde Ọba, tó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ará Ìjẹ̀bú ló ń gẹṣin.

Wàhálà tiwa tún yàtọ̀ síyẹn. Èèyàn lè gbé fóònù kó má sọ tinú ẹ̀. Tí nọ́ńbà àjèjì bá pe ìyá ẹnì kan nílùú wa, tó ní òun fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n máa dìbò fún, ohun tó máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ta ló fún ẹ ní nọ́ńbà mi?" Ó jàre, àwọn oníjìbìtì ti pe irú wọn jù. Àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ ṣì rántí wẹ́tìẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1965, nígbà tí wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé àti ara èèyàn nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹnu ni àparò fi ń pe ọ̀rá. Ẹni tó bá mọ ìyẹn ò ní jókòó máa ka ẹgbẹ́ rẹ̀ fún àjèjì lórí fóònù.

Àwa tá a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ̀ pé àyè òfìfo yàtọ̀ sí òdo. Tí fọ́ọ̀mù bá béèrè iye ọmọ tẹ́ ẹ bí, tẹ́ ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ẹ ò bímọ. Ètò tó bá sọ òfìfo di òdo á parọ́ mọ́ yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí fóònù wa lọ́dún 2023 nìyẹn: a pa 53 yẹn rẹ́, a wá ń ka èyí tó kù bí ẹni pé ó ti pé.

Òfìfo kejì tún wà. Àwọn 93,469,008 ló forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 27 nínú 100 ló jáde lọ́jọ́ náà. Iye ìbò tó gbé Tinubu wọlé gan-an ò tó 10 nínú 100 àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó sọ pé ti Lágbájá lòun yàtọ̀ sẹ́ni tó máa tò sórí ìlà nínú oòrùn. Stears, tóun náà ṣe ìwádìí tirẹ̀, ti sọ ọ́ ṣáájú: tí èrò bá jáde púpọ̀, Obi ni, tí wọn ò bá pọ̀, Tinubu ni. Ìdajì àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn pín kiri.

Ní Faransé lọ́dún 2024, wọ́n dìbò sílé aṣòfin lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, ẹgbẹ́ RN àtàwọn alájọṣe rẹ̀ gba nǹkan bíi 33 nínú 100, ìwádìí sì ń sọ pé àwọn ló máa kó àga tó pọ̀ jù. Àwọn tí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ ò jókòó sọkún. Àwọn olùdíje tó ju 200 lọ yọwọ́ kí ìbò má bàa pín. Títí dọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ìwádìí ṣì ní RN ló ṣíwájú, ṣùgbọ́n ipò kẹta ni wọ́n wà lálẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Keje. Ìwádìí ṣìnà nílùú tí wọ́n ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún pàápàá. Àmọ́ láti ọdún 1977 ni òfin wọn ti ní kí ẹni tó bá gbé ìwádìí jáde sọ ẹni tó sanwó, iye èèyàn tí wọ́n bi, àti ìgbà tí wọ́n bi wọ́n.

Ìdìbò ọdún 2027 ń bọ̀, àwòrán mìíràn á sì tún yí ká. Ẹ bèèrè ohun tí òfin Faransé béèrè, kẹ́ ẹ sì fi méjì kún un: àwọn mélòó ni ò dáhùn, ṣé wọ́n sì bi àwọn tó dáhùn bóyá wọ́n máa jáde? Tí nọ́ńbà inú ẹ̀ ò bá pé 100, ẹ wá àwọn tó kù kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ó ṣeé ṣe kí màmá yín wà lára wọn.