Ilé Amọ̀ Tí A Fọwọ́ Ara Wa Mọ

Àwọn ará nínú ẹgbẹ́ ti bi àwa tọkọtaya léèrè títí pé kí ló dé tí a fi mọ ilé amọ̀ sí Ìgbò-Ọrà lásìkò tí gbogbo ayé ń sá fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àpò sìmẹ́ǹtì kan kọjá N10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Owó tí a rí yá, èlé wà lórí rẹ̀, Ọlọ́hun sì ti ṣe èlé léèwọ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ọkọ nínú wa jogún wà níbẹ̀, erùpẹ̀ pupa kún inú rẹ̀, ọwọ́ mẹ́rin sì wà lára wa.

Ìgbà ọyẹ́ ni a bẹ̀rẹ̀, nítorí amọ̀ kì í gbẹ bọ̀rọ̀ nígbà òjò. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó mọ ilé púpọ̀ ní Èrúwà nígbà èwe rẹ̀ ni ó kọ́ wa. Òkúta ni a kọ́kọ́ tò sí ìpìlẹ̀, kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má baà gun ògiri. A ó gbẹ́ erùpẹ̀, a ó bu omi sí i, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fà bí iyán. Ní ọjọ́ kejì a ó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó ṣù ú ní ìṣù ìṣù, tí ẹnìkan yóò máa jù ú sí ẹni tí ó wà lórí ògiri. Bí a bá mọ ìpele kan tán, dandan ni kí a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó gbẹ. Ẹni tí ó bá kánjú, ti òkè ni yóò tẹ ti ìsàlẹ̀ wó. Omi ni ó nira jù, kànga kì í kún nígbà ọyẹ́. Ìyàwó nínú wa ni ó ń jí pọn ọ́n kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà.

Àwọn kan fi wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbàgbé pé amọ̀ tí a sá sóòrùn ni ògiri mọ́sálásí tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ sí Mẹdínà lẹ́yìn hijira ní 622, pé ìtì igi dàbínù ni òpó rẹ̀, òun pàápàá sì bá wọn ru bíríkì. Ní abúlé Yaama ní ilẹ̀ Niger, amọ̀ ni àwọn ará abúlé fi kọ́ mọ́sálásí wọn láti 1962. Ní 1986 ó gba ẹ̀bùn Aga Khan, tí àwọn akọ́lé káàkiri ayé ń dù.

Ilé amọ̀ ní àléébù tirẹ̀. Ikán ń bẹ, òjò ń bẹ, ó sì yẹ kí a máa tún un rẹ́. Nítorí òjò ni a ṣe fi páànù bò ó, tí a jẹ́ kí ó yọ jáde dáadáa. Owó gààrí tí ìyàwó tà ni a fi ra páànù náà.

Ọjọ́ tí a kan páànù tán ni bàbá kan nínú ẹbí ọkọ wá kí wa. Ó ní, "Ẹ kú oríire o. Ilé ẹbí wa ti di mẹ́ta báyìí."

A wo ojú ara wa. Nínú Súrátù Nísáì, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ogún opó tí ọkọ rẹ̀ fi ọmọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ti obìnrin fúnra rẹ̀ kò sí nínú ogún rárá. Ta ni yóò wá mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà? Ògiri kì í sọ ẹni tí ó pọn omi rẹ̀. Ọlọ́hun pàṣẹ nínú Súrátù Bákárà pé kí a máa kọ ọ̀rọ̀ gbèsè sílẹ̀, kí a sì fi ẹlẹ́rìí sí i; a rò pé ti ilé kò kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. A lọ bá àlùfáà lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Ó kọ ọ́ pé ilẹ̀ jẹ́ ti ọkọ, páànù àti ìdajì ògiri jẹ́ ti aya.

Bàbá yẹn ni a bẹ̀ pé kí ó ṣe ẹlẹ́rìí. Ó fajú ro. "Ṣé ikú lẹ ti ń retí ni?"

"Rárá o, bàbá. Ẹ máà bínú. Ẹ ṣáà bá wa tẹ̀ka sí i."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ àlùfáà, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Yàrá ẹ̀yìn ni ó kù tí a kò tíì rẹ́. Ọyẹ́ ni a ń dúró dè.