Ìmọ́lẹ̀ Àgbàlá ní Ìlú Ara

Ẹni tí ó bá dé ìlú Ara nígbà tí oòrùn ń wọ̀ lọ, tí ó sì ń wá àwọn ìyá ilé, kí ó má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn iwájú. Ẹ̀yìnkùlé ni kí ó gbà. Níbẹ̀ ni ààrò wà, níbẹ̀ ni odó wà, níbẹ̀ náà ni a sì ti ń bu oúnjẹ fún tọmọdé tàgbà. Lóòótọ́, ilé ìdáná wà nínú àwọn ilé tuntun, wọ́n tilẹ̀ fi táìsì ṣe ògiri rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n sítóòfù gáàsì kékeré ni ó máa ń wà níbẹ̀, omi tíì ni wọ́n sì ń fi í sè. Oúnjẹ tí yóò yó odidi agbo ilé, ìta ni a ti ń sè é.

Ara tí mo ń wí yìí kì í ṣe Aramọkọ ti ilẹ̀ Èkìtì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Alára ni a ń pe ọba ìlú méjèèjì. Ara ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́ tí olú rẹ̀ wà ní Awo, kò sì jìnnà sí Èjìgbò. Èjìgbò fúnra rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 40 sí Òṣogbo, ó sì tó 30 sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ilẹ̀ iṣu ni, ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni, ilẹ̀ àgbàdo ni. Ògìyán ni oyè ọba Èjìgbò, Ògìyán náà sì ni òrìṣà tí wọ́n ń bọ níbẹ̀. Gbogbo wa ni a sì mọ̀ pé iyán ni ó wà nínú orúkọ náà. Ní agbègbè tí ọba àti òrìṣà ti fi iyán jẹ́ orúkọ, ta ni yóò sọ pé kí a gbé odó wọ yàrá? Bí obìnrin mẹ́ta bá gbé ọmọ odó sókè lẹ́ẹ̀kan náà, àjà kò ní gbà wọ́n. Ooru tún wà níbẹ̀, èéfín igi tún wà níbẹ̀. Àwọn baba ńlá wa kò ṣe àìmọ̀kan nígbà tí wọ́n fi ibi ìdáná sí gbangba.

Ohun kan ni kò tẹ́ mi lọ́rùn ní àgbàlá púpọ̀ tí mo dé ní agbègbè náà, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá mi gbé yẹ̀ wò. Ẹ ó rí ilé rèǹtè-rente tí owó àjò kọ́, nítorí pé àwọn ọmọ Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ti ń lọ ṣòwò ní Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ ó ka gílóòbù mẹ́rin, ẹ ó ka márùn-ún, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú níbi tí àwọn ọkùnrin ń jókòó sí. Ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá sí ẹ̀yìn, òkùnkùn biribiri. Mo bá ìyá kan níbẹ̀ tí ó fi eyín di fóònù mú nítorí iná tọ́ọ̀ṣì ara rẹ̀, tí ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì da omi gbígbóná kúrò lórí iṣu. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ ò ṣe ní kí wọ́n fa iná wá síbí?” Ó kọ́kọ́ sọ ìkòkò kalẹ̀, ó yọ fóònù lẹ́nu, ó wá rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, àwọn tí ó fa iná kì í dáná.”

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ìyá yìí títí. Láyé àtijọ́, ìmọ́lẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ògùṣọ̀ ń bá ènìyàn rìn. Fìtílà amọ̀, tí a fi òwú sí, tí a bu epo pupa tàbí àdí sí, ibi tí iṣẹ́ bá wà ni a ń gbé e sí. Nígbà tí kẹrosíìnì dé, àtùpà alágolo ń tẹ̀lé ìyá láti ìdí ààrò dé ìdí ọlọ, ó sì tún ń bá a lọ sí ọjà alẹ́. Lántà dé, ó ní gíláàsì tí afẹ́fẹ́ kò fi lè pa á, ó sì ní ọwọ́ tí a fi ń gbé e. Àtùpà gáàsì, èyí tí a ń fún ní afẹ́fẹ́ kí ó tó mọ́ kedere, dé tẹ̀lé e; àwọ̀n funfun inú rẹ̀ ni Carl Auer von Welsbach, ará Ọsitíríà, gba àṣẹ lé lórí ní 1885. Ti gáàsì yìí ni ó kọ́kọ́ di ti àlejò àti ti òde ìnáwó. Síbẹ̀, bí àlejò bá lọ tán, obìnrin ilé lè gbé e lọ síbi tí ó ti ń fọ abọ́.

Iná mànàmáná ni kò ṣeé gbé. Ara ògiri ni ó ń gbé, ẹni tí ó ni ilé àti oníṣẹ́ wáyà ni wọ́n sì ń yan ògiri náà láàárín ara wọn. Láti 1972 tí NEPA ti dé, títí ó fi di PHCN ní 2005, títí tí iléeṣẹ́ IBEDC fi gba ti apá ọ̀dọ̀ wa ní ìparí 2013, orúkọ ń yí padà, ṣùgbọ́n gílóòbù kò kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń tún àgbàlá ṣe, ààrò ni kí ẹ kọ́kọ́ fún ní ìmọ́lẹ̀. Ibi ìjẹun lè dúró. Oúnjẹ kì í jó ẹni tí ń jẹ ẹ́ bí ó ti ń jó ẹni tí ń sè é.

Ibi tí a gbé iná kọ́ ṣe pàtàkì ju bí iná náà ti pọ̀ tó. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a kan gílóòbù mọ́ ara ògiri ilé, kí obìnrin sì kọ ẹ̀yìn sí ògiri náà nígbà tí ó bá ń dáná. Òjìji òun fúnra rẹ̀ ni yóò bo ìkòkò. Kò sì yẹ kí a so ó sí ọ̀gangan orí ìkòkò, nítorí pé ooru, ọ̀rá àti èéfín yóò bò ó láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò sì di dúdú bí ìdí ìkòkò. Iwájú ẹni tí ń dáná, ní ẹ̀gbẹ́ kan, ní gíga tí ó tó mítà méjì tàbí kí ó lé díẹ̀, ni ó dára jù. Ẹ ronú èéfín náà pẹ̀lú. Ní ìgbà ọyẹ́, àríwá ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń wá. Ní ìgbà òjò, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni. Òpó tí a bá rì sí apá àríwá ìwọ̀-oòrùn ààrò, tàbí sí òdìkejì rẹ̀, kò ní bọ́ sọ́nà èéfín ní ìgbà méjèèjì. Àmọ́ ilé àti igi máa ń yí atẹ́gùn padà. Ẹ wo ibi tí ògiri ti dúdú, yóò sọ òtítọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àwọ̀ iná, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi owó ra ohun tí kò bá wọn mu. Gílóòbù LED ni ó gba ọjà lónìí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀: èyí tí ó ń jẹ iná wáàtì 9 ń tan tó gílóòbù àtijọ́ tí ó ń jẹ wáàtì 60. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ búlúù ni ó wà ní ìpìlẹ̀ LED funfun. Àwọn mẹ́ta tí a bí ní Japan, Akasaki, Amano àti Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014 nítorí pé wọ́n ṣe àwárí bí a ti ń ṣe LED búlúù náà. Ohun èlò òfeefèé tí a fi bò ó ni ó sọ ọ́ di funfun. Bí òfeefèé náà bá kéré, ìmọ́lẹ̀ yóò tutù, yóò fẹ́ jọ ojú sánmà. Irú èyí ni wọ́n ń kọ 6500K sí lára páálí. Ó mọ́ kedere lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbé ọbẹ̀ ata sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ wò ó: ọbẹ̀ náà yóò ṣe wọ́ńwọ́ń bí ẹni pé kò ní epo. Èyí tí wọ́n kọ 2700K tàbí 3000K sí lára jọ iná fìtílà, ojú ọbẹ̀ sì pupa dáadáa lábẹ́ rẹ̀. Èyí ni mo yàn fún àgbàlá.

Ìdí kejì tí mo fi yàn án ni kòkòrò. Ìmọ́lẹ̀ tí búlúù pọ̀ nínú rẹ̀ ń fa kòkòrò alẹ́ mọ́ra ju èyí tí ó pọ́n lọ. Ẹni tí òjò àkọ́rọ̀ bá ká mọ́ ìdí ọbẹ̀ ní Ara mọ ohun tí mò ń wí: èsúnsún yóò tú jáde láti inú ilẹ̀, wọn yóò sì máa já sínú ìkòkò. Bí ẹ bá ní gílóòbù funfun kan nílé, ẹ gbé e lọ sí ìkángun àgbàlá, jìnnà sí oúnjẹ, kí ẹ sì gbé agbada omi sí abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọn yóò wọ́ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn èsúnsún yíyan tilẹ̀ ti rí ìpanu.

Ní ti ibi ìjẹun, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Bí tábìlì bá wà, kí iná rọ̀ sílẹ̀ sí i, kí ó fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 75 sí 90 ga ju orí tábìlì lọ, kí ó sì ní ìbòrí kí ó má baà máa gún ènìyàn lójú. Bí ó bá jẹ́ ẹní ni a tẹ́, ojú àwọn tí ó jókòó ti wálẹ̀, iná òkè yóò sì máa wọ̀ wọ́n lójú tààrà. Lántà orí àpótí sàn fún wọn. Ẹ má gbàgbé àwọn àgbà. Ojú ẹni ọgọ́ta ọdún kì í gbà ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ tí ojú ọmọ ogún ọdún ń gbà lọ, eegun ẹja kò sì mọ àgbà. Àwọn tí ó ti Abidjan dé fẹ́ràn gílóòbù aláràbarà, pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé, tí a so gẹ́gẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀, bí ó ti máa ń rí ní àwọn ilé oúnjẹ ìta gbangba tí wọ́n ń pè ní maquis níbẹ̀. Ó dùn ún wò ní ọjọ́ ìnáwó. Ẹ kàn má fi í jẹ ẹja.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ìta kì í ṣe inú ilé: òjò wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ tí ó tutù wà níbẹ̀, ọmọ tí ń ré kiri wà níbẹ̀. Wáyà tí a lọ́ pọ̀ tí a sì fi ọ̀rá wé kò yẹ ní àgbàlá rárá. Ẹ jẹ́ kí wáyà gba òkè tàbí inú páìpù, níbi tí ọmọ odó àti ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kò ní dé. Ohun èlò iná tí ó lè gba òjò máa ń ní IP65 lára; kí ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó. Ẹ sì ní kí oníṣẹ́ iná fi ẹ̀rọ kékeré tí ń já iná kíákíá sí i, èyí tí ń ṣiṣẹ́ bí iná bá ti ń jò sí ara ènìyàn. Èyí tí wọ́n kọ 30mA sí ni kí ó rà. Ẹni tí ó ṣì ń lo kẹrosíìnì kò gbọdọ̀ bu epo kún àtùpà tí ń jó lọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ ra epo lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, nítorí pé bí epo bẹntiróòlù díẹ̀ bá dà pọ̀ mọ́ ọn, àtùpà lè bú gbàmù. Jẹnẹrétọ̀ ní tirẹ̀, kí ó jìnnà sí fèrèsé àti sí ibi tí a ti ń jẹun, èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn láìlóòórùn kan pàtó.

Bí owó kò bá pọ̀, èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó fa wáyà yí àgbàlá ká. Kí ó ra lántà sólà méjì tí ó ní ìkọ́. Kí ó sá a sí ibi tí òjìji igi máńgòrò kò ní dé, kí ó sì mọ̀ pé ní oṣù July sí September, tí ìkùukùu pọ̀, kò ní gba iná tó bí ó ti ń gbà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àǹfààní rẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù ni pé ó tún ṣeé gbé bíi fìtílà àtijọ́. Ọwọ́ obìnrin ni ó wà, ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wà ni ó ń bá a lọ.

Bí ẹ bá sì fa wáyà, ẹ bèèrè ibi tí súìsì yóò wà kí wọ́n tó kan ohunkóhun mọ́gi. Nínú agbo ilé kan ní Ara, òpó àtíbàbà tí ó wà lẹ́bàá ààrò ni wọ́n fi í sí, gílóòbù méjì péré ni ó sì ń darí, ọ̀kan ti ìdáná, ọ̀kan ti ìjẹun. Bí òṣùpá bá ti yọ, tí àwọn ọmọ sì fẹ́ pàlọ́, ìyàwó ilé yóò pa ti ibi ìjẹun. Ti ìdí ààrò kò ní kú títí a ó fi fọ ìkòkò tán.