Bọ́ọ̀ṣì, Wáṣà àti Fáwẹ́lì

Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ó ṣòro kéèyàn rí máṣíìnì tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà tí gbogbo ara rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Orúkọ Bajaj lè wà lára táǹkì, kí iná iwájú jẹ́ ti TVS, kí dígí wá láti ara Jincheng, kí ìjókòó sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan nínú ọjà. Ará Íńdíà, ará Ṣáínà àti ará Àkókó ń gbé lórí férémù kan náà, wọ́n sì jọ ń gun òkè Ọ̀kà lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ àyálò ni mo ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi lé lórí ní ọdún tó kẹ́yìn yìí, pàápàá èyí tó wà lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì. Ohun tí mo rí kọ́ lọ́dọ̀ wọn kò mọ sórí ọ̀rọ̀ nìkan. Mo kọ́ ọ pé ohun tó wọlé yàtọ̀ sí ohun tó dúró, ìbáà jẹ́ irin, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ ohun tí à ń gùn yìí ná. Alùpùpù ni ìwé ń pè é. Ìró rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ilé wa níbí la ti rọ ọ́. Máṣíìnì ni àwọn àgbà wa ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì la ti yá a, a sì tún un ṣe kí ó lè bá ẹnu wa mu. Ọ̀kadà ni gbogbo Nàìjíríà mọ̀ ọ́n sí. Okada jẹ́ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, òun ló di orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run wá sórí ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Kí ẹnikẹ́ni tó yọ nǹkan kan lára máṣíìnì kan fi sí òmíràn, orúkọ rẹ̀ gan-an ti jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ní ọdún tó kọjá, kòtò kan lójú ọ̀nà òkè Ọ̀kà tẹ ọ̀pá iwájú máṣíìnì ẹ̀gbọ́n mi. Òun àti èrò tó gbé kò fara pa, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pá méjèèjì ti wọ́, máṣíìnì kò sì ṣeé gùn mọ́. Inú owó tí máṣíìnì yẹn ń pa ni owó ilé-ẹ̀kọ́ mi ti ń wá, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ojúlówó ọ̀pá tuntun wọ́n kọjá ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Ohun tí a rí rà ní Ìkàrẹ́ ni tòkunbọ̀ ọ̀pá iwájú máṣíìnì ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ará Íńdíà, èyí jẹ́ ará Ṣáínà.

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà “tòkunbọ̀.” Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí wọ́n gbé wálé ni. Àwọn oníṣòwò wò ó, wọ́n rí i pé ẹrù tí òyìnbó ti lò tó wá parí ayé rẹ̀ lọ́dọ̀ wa yẹ fún orúkọ yẹn. Ọmọ tó ti òkun bọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ ìṣe ilé, irin tó ti òkun bọ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ́ ọ.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan nítòsí Jubilee ní Ìkàrẹ́. Ọmọ Àrìgìdì ni ọ̀gá. Èdè Àrìgìdì ló fi ń bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, Yorùbá ló fi ń bá àwa sọ̀rọ̀, “bọ́ọ̀ṣì” àti “wáṣà” sì ń bá a kọjá láti inú èdè kan bọ́ sínú èkejì láìdúró gba ìwé ìrìnnà. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀pá náà kalẹ̀.

“Ọ̀gá, ṣé ó máa wọ̀ ọ́?”

“Wíwọ̀ kọ́ ni wàhálà. Ṣé ó máa dì í mú ni kí o bi mí.”

Ọrùn férémù ló ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni irin tó so ọ̀pá méjèèjì pọ̀ ti ń gba inú férémù kọjá, tí bọ́ọ̀lù irin kéékèèké sì ń yí nínú àwo kan lókè àti òmíràn nísàlẹ̀ kí ọwọ́ máṣíìnì lè yí sọ́tùn-ún sósì. Àwo tòkunbọ̀ fi díẹ̀ kéré sí ihò ọrùn férémù tiwa. Ó wọlé wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó ń mì. Ọmọ iṣẹ́ ti ń wá agolo mílíìkì tó máa gé fi dí àlàfo náà. Ọ̀gá ní kí ó gbé agolo sílẹ̀: páànù agolo máa rún mọ́lẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ máṣíìnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó wọn ihò náà, ó wọn àwo, ó sì rán wa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin kí wọ́n ṣe bọ́ọ̀ṣì méjì wá, òrùka irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa jókòó sáàárín àwo àti ọrùn.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi tún ọrùn férémù ṣe. Ó ní, “Àbúrò mi, a kì í fọwọ́ kan férémù. Àlejò ni kó mú ara rẹ̀ bá ilé mu.”

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe kíláàsì fonọ́lọ́jì mọ ibi tí mo ń lọ. Férémù tiwa ni sílébù. Sílébù Yorùbá lè jẹ́ fáwẹ́lì nìkan, ó lè jẹ́ kọ́ńsónáǹtì kan àti fáwẹ́lì kan, ó sì lè jẹ́ kọ́ńsónáǹtì aránmúpè tó dá dúró. Kọ́ńsónáǹtì méjì kì í tẹ̀léra láìsí fáwẹ́lì láàárín, yàtọ̀ sí ibi tí aránmúpè bá ti jẹ́ sílébù fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì mìíràn parí. Nígbà tí brake dé láti inú Gẹ̀ẹ́sì, sílébù kan ni, kò sì sí ihò tó bá a mu. A kò gé férémù nítorí rẹ̀. A fi “i” kan sáàárín b àti r, a fi òmíràn sí ìparí, a fa fáwẹ́lì àárín gùn, ó di bí-ré-è-kì, sílébù mẹ́rin. Spring di sí-pí-rí-ǹ-gì, márùn-ún. “I” ni wáṣà tí a ń lò jù, ṣùgbọ́n nígbà tí fáwẹ́lì tó ṣáájú bá jẹ́ ti ètè roboto, “u” lè dára jù ú lọ, bíi ti bọ́ọ̀lù. Ohùn náà kò gbẹ́yìn: ibi tí òyìnbó ti fi agbára pè é ni ohùn òkè sábà máa ń jókòó sí, kí ohùn ìsàlẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Mo ṣàlàyé èyí fún ọ̀gá bí mo ti lè ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé ẹ̀yin náà ń lo wáṣà níbẹ̀ yẹn?”

Nígbà tí ọrùn parí, ó kan wíìlì. Wíìlì ẹ̀gbọ́n mi ṣì dára, táyà rẹ̀ tuntun ni, òun náà ló sì fẹ́ lò. Wọ́n fi wáṣà méjì dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó jókòó sáàárín ọ̀pá méjèèjì, ó ń yí dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń nu ọwọ́. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ bíréèkì, ó sì mi orí.

Lára ẹsẹ̀ ọ̀pá iwájú, irin kékeré kan yọ síta bí ọmọ ìka. Ìdérí bíréèkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíìlì ní ojú kan tó gbọ́dọ̀ há mọ́ irin náà. Bí wọ́n bá há, ìdérí dúró, wíìlì nìkan ló ń yí, bíréèkì sì lè mú un. Bí wọn kò bá há, ọjọ́ tí ọlọ́kadà bá fa bíréèkì ni ìdérí máa bá wíìlì yí, tí á já wáyà bíréèkì tàbí kí ó há wíìlì pa. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Lórí ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ọ̀kà, pẹ̀lú èrò lẹ́yìn àti ọkọ̀ akẹ́rù níwájú, ibẹ̀ ni á ti mọ̀. Àwa tí a ń kàwé ní Àkùngbá kò nílò ẹni tó máa sọ fún wa ohun tí bíréèkì jẹ́ lójú ọ̀nà yìí.

Ti tòkunbọ̀ kò bá ojú ìdérí wa pàdé. Ọmọ iṣẹ́ ní kí wọ́n wẹ́ẹ̀dì irin kan mọ́ ọn. Ọ̀gá dáhùn pé, “Wíwẹ́ẹ̀dì ò ṣeé gbára lé níbí yìí.”

Mo kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ni wẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n “wí” tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ tiwa. Bí “lọ” ti ń di “lílọ,” tí “gùn” ń di “gígùn,” bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe sọ ọ̀rọ̀ ìṣe àlejò di ọ̀rọ̀ orúkọ láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Wáṣà kò lè ṣe èyí. Fáwẹ́lì tí a fi kún ọ̀rọ̀ ń jẹ́ kí ó wọlé. Gírámà tó di ọ̀rọ̀ mú ni ó ń jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹrù bá wúwo. Tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àyálò kan báyìí, ojú tó há mọ́ irin ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní Kánádà, níbi tí Joseph-Armand Bombardier ti gbé Ski-Doo jáde ní 1959, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì níwájú ni wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ tó ń sáré lórí yìnyín. Àwọn tó ń gùn ún máa ń fi ẹsẹ̀ ilé-iṣẹ́ kan sára ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, bọ́ọ̀ṣì àti rọ́bà ni wọ́n sì fi ń dí àlàfo.

Ní tiwa, Ọ̀kà la ti rí ojútùú. Mẹkáníìkì kan níbẹ̀ ti tú máṣíìnì ará Ṣáínà irú èyí palẹ̀, wíìlì iwájú rẹ̀ àti ìdérí bíréèkì ṣì wà. A rà á pa pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ táyà tuntun rẹ̀, ó fi sí wíìlì ará Ṣáínà, nítorí 17 ni àwọn méjèèjì. Ìdérí àti irin há mọ́ra ṣinṣin, nítorí ìyá kan náà ló bí wọn. Ọ̀gá ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kí òun tún ọrùn dì. Ó padà lọ, ó sì ń gun òkè Ọ̀kà títí di òní.

Àwọn kan ní ẹ̀ka wa máa ń sọ pé èdè àwọn mẹkáníìkì ti bàjẹ́, pé Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé Ayọ̀ Bámgbóṣé pe ìwé rẹ̀ ti 1990 ní Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá, kò sì sí mẹkáníìkì nínú rẹ̀. Fáwẹ́lì, kọ́ńsónáǹtì, sílébù: tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, a sì fi wọ́n ṣiṣẹ́ gidi lójoojúmọ́ nítorí pé àwọn àgbà wa fara balẹ̀ fi bọ́ọ̀ṣì sí i.

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ń wá àkòrí, ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ ya ilé mẹkáníìkì tó súnmọ́ yín jù. Ẹ kí ọ̀gá, kí ẹ ra omi tútù fún ọmọ iṣẹ́, kí ẹ sì jókòó. Tí ẹ bá sì fẹ́ gun ọ̀kadà padà sílé lọ́jọ́ náà, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ bíréèkì iwájú.