Ìyá Ni Ó Ń Gbé Ìran Ró: Bí Mo Ṣe Wo Ewúrẹ́ Ní Ewékorò

Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ Ewékorò, mo mọ̀ pé símẹ́ńtì ni yóò kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn. Ẹ kò jẹ̀bi. Láti ọdún 1960 tí ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ni orúkọ ìlú náà ti ń bá àpò símẹ́ńtì rìn káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ símẹ́ńtì ni mo gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn ni, pàápàá ọ̀rọ̀ ìyá ẹran.

Ọkọ̀ akérò ni mo wọ̀ láti Èkó. A gba Ṣàngó-Ọ̀tà kọjá, a kọjá Pápáláńtò, níbi tí ojú irin tuntun tí a ṣí ní ọdún 2021 láàrín Èkó àti Ìbàdàn ní ibùdókọ̀ kan sí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo rí ilé gíga-gíga ilé iṣẹ́ náà, tí àwọn tírélà tò lọ rẹrẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Mo bọ́ sílẹ̀, mo gun ọ̀kadà wọ inú abúlé lọ. Kí a tó lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ariwo tírélà ti dákẹ́. Oko pákí ni lọ́tùn-ún, igi ọ̀pẹ ni lósì, èèpo pákí tí àwọn obìnrin bó nítorí láfún sì wà nílẹ̀ nínú oòrùn. Níbi tí èèpo pákí bá wà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ẹ má ṣe wá ewúrẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ewúrẹ́ ilé wa ni mo ń wí, àwọn kúkúrú oníkùn gbàǹgbà tí ẹsẹ̀ wọn kò gùn. Èyí tí ó dàgbà tán nínú wọn kì í sábà ga ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ ní èjìká, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í sábà ju kílò 25. Ẹni tí ó bá ti rí ewúrẹ́ pupa ti Sókótó, tí awọ rẹ̀ lókìkí káàkiri ayé, lè fojú tín-ín-rín tiwa. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o! Ohun kan wà lára kúkúrú yìí tí ọ̀pọ̀ ẹran gíga kò ní.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ẹṣin là á yé yín. Gbogbo wa ni a mọ bí ẹṣin ti ń ṣe fáàrí ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ abúlé Ìjẹ̀bú tàbí ti Ẹ̀gbá kan tí abo ẹṣin ti ń bímọ, tí ọmọ rẹ̀ tún ń bímọ, títí ó fi di ìran mẹ́wàá? Òkè Ọya ni a ti ń rà wọ́n wá. Ọ̀yọ́ Ilé pàápàá, tí àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ṣẹ́gun Dahomey ní ọdún 1726, ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè ni ó ti ń ra ẹṣin. Ohun tí ó fà á ni eṣinṣin kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní tsetse. Bí eṣinṣin yìí bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹran, a máa fi kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí sí i lára. Ẹran náà a máa rù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa tán, níkẹyìn a sì kú. Ẹṣin kò lè fara dà á. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kúkúrú yìí lè ní kòkòrò náà lára, kí ó sì máa jẹ, kí ó máa bímọ. Eṣinṣin náà ni ó ti ń ṣa ìran rẹ̀ láti ayébáyé: èyí tí kò lágbára kú, èyí tí ó lágbára bímọ.

Nínú abúlé náà ni mo ti bá ìyá àgbàlagbà kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé kò rán mi ní iṣẹ́ ìpolówó. Ewúrẹ́ mẹ́sàn-án ni ó ní.

“Ẹ kú ilé o, Ìyá. Ẹ kú ìtọ́jú ẹran.”

“Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà nílé? Ewúrẹ́ lo wá rà?”

“Rárá o, Ìyá. Mo wá wò wọ́n ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ojú kì í san owó ẹran, ṣùgbọ́n ojú ni ó ń yàn án. Bọ́ sí ibí.”

Ó fa ewúrẹ́ dúdú kan mọ́ra. Ó ní, “Wo èyí. Ìbejì ni ó bí ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kò sì sí èyí tí ó kú nínú wọn. Wo ọmú rẹ̀: méjèèjì dọ́gba, wàrà sì wà nínú méjèèjì. Wo bí ìdí rẹ̀ ti gbòòrò, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí tí orúnkún ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń gbá ara wọn, bí oyún bá ti wúwo, kò ní lè rìn jìnnà lọ jẹ.” Ó la ẹnu ẹran náà. “Eyín ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ bá èrìgì òkè pàdé. Ẹnu tí kò pàdé kò lè já ewé.”

Mo bi í pé ta ni ó kọ́ ọ. Ó ní ìyá ọkọ òun ni, àti pé ìyá Dúdú yìí àti ìyá ìyá rẹ̀, nínú àgbàlá yìí kan náà ni a ti bí wọn. “Bí ẹnìkan bá bi mí pé ọmọ ta ni ewúrẹ́ kan, ìyá rẹ̀ ni mo máa ń dárúkọ. Òbúkọ a máa wá, a sì máa lọ.”

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbé ọkàn mi dé ilẹ̀ Jámánì. Ní ọdún 1732, Ọba Friedrich Wilhelm Kìn-ín-ní ti Prussia dá ọgbà ẹṣin kan sílẹ̀ ní Trakehnen, kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lè rí ẹṣin tí ó yára, tí ó sì lè rìn jìnnà. Níbẹ̀ ni ìran ẹṣin tí à ń pè ní Trakehner ti ṣẹ̀. Títí di òní, bí abo ẹṣin ìran náà bá tó ọmọ ọdún mẹ́ta, olówó rẹ̀ a mú un lọ síwájú àwọn adájọ́. Wọn a kọ́kọ́ wò ó bóyá ó jọ ìran rẹ̀ ní orí, ní ọrùn àti ní ìrísí. Wọn a wo ara rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti pátákò rẹ̀. Wọn a wo bí ó ti ń rìn, bí ó ti ń sáré díẹ̀díẹ̀, àti bí ó ti ń fò lọ geere. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fún ní máàkì, 10 ni ó sì ga jù. Máàkì náà ni a fi ń mọ ipò rẹ̀ nínú ìwé ìran. Bí ó bá sì bímọ, lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìyá ni yóò bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ. Ẹ ò rí i pé ìyá Ewékorò àti àwọn adájọ́ Jámánì ń sọ ohun kan náà?

Ìwé ìran yìí kì í ṣe fáàrí lásán. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1945, nígbà tí ọmọ ogun Rọ́ṣíà dé bá wọn, àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà so ẹṣin wọn mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọ́n sì sá gba orí omi tí òtútù ti mú dì bí òkúta. Abo ẹṣin tí ó lóyún wà nínú àwọn tí ó fa kẹ̀kẹ́ náà. Púpọ̀ kú sọ́nà. Trakehnen fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Rọ́ṣíà, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ìyá kù, a sì mọ ìdílé wọn. Ní ọdún 1947 àwọn tí ó ní wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì tún gbé ìran náà dìde. Ilẹ̀ lọ, ọgbà lọ, ìyá kù. Ìran náà kò parun.

A ṣì jókòó nígbà tí ọ̀gbẹ́ni kan tí ó ń ra ẹran lọ sí Èkó gun ọ̀kadà dé. Kò wo àwọn yòókù rárá. Dúdú ni ó nawọ́ sí, iye tí ó dá lé e sì mú kí ìyá náà dákẹ́ díẹ̀. Mo mọ ohun tí ó ń rò, nítorí ó ti sọ fún mi pé owó ìdánwò ọmọ-ọmọ òun kò tíì pé. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

“Ọmọ mi, Dúdú kì í ṣe ọjà,” ni ìyá wí. “Mú akọ yẹn, kí o sì mú ewúrẹ́ aláwọ̀ eérú yìí tí ọmọ ti kú lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.”

“Màmá, àwọn wọ̀nyí kò níyì tó o.”

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ, owó ẹran méjèèjì fi díẹ̀ ju iye tí ó fẹ́ san lórí Dúdú nìkan, kò sì tó owó ìdánwò síbẹ̀. Ìyá ní òun yóò fi owó láfún kún un. Ó wá sọ fún mi pé, “Bí mo bá ta Dúdú, mo san ti ọdún yìí. Àbúrò rẹ̀ ńkọ́?”

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ìyá yìí rí ọ̀nà àbáyọ. Ọ̀pọ̀ kò rí i. Òbúkọ tí ó bá tètè dàgbà ni àwọn oníbàárà máa ń kọ́kọ́ rà, kí ó tó gun ewúrẹ́ kankan. Èyí tí ó rán, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, ni ó ń kù nílé, òun ni yóò sì di bàbá gbogbo ọmọ àdúgbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ dá ń lọ sí ọjà, tí aláìlera ń kù. Ohun tí eṣinṣin ti fi ayébáyé ṣà, àwa ń fi owó kékeré tú u ká.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ewúrẹ́, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn yìí. Èkínní, ẹ fi àmì sí etí ìyá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó gùn àti ọjọ́ tí ó bí; oṣù márùn-ún ni oyún rẹ̀. Ẹ kọ iye ọmọ tí ó bí, àti iye tí ó yè títí ó fi já lẹ́nu ọmú. Iye tí ó yè yìí ni máàkì tí ó ga jù.

Èkejì, ẹ pa ọmọ obìnrin ìyá tí ó dára mọ́, kí ẹ ta ti èyí tí kò dára.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi òbúkọ tí ó dára kan sílẹ̀ láìtà á, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó gun ọmọ ara rẹ̀. Ẹ bá abúlé mìíràn ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí òbúkọ aláìníwo gun ewúrẹ́ aláìníwo, nítorí àwọn kan nínú ọmọ wọn yóò ya àgàn, tí wọn kì í ṣe akọ, tí wọn kì í ṣe abo.

Ẹ̀kẹrin ni àrùn kata, tí imú ẹran fi ń ṣàn, tí ẹnu rẹ̀ ń jẹrà, tí ó sì ń ṣu omi. Ewúrẹ́ wa tí ó lè bá eṣinṣin jà kò lè bá kata jà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Èyí tí à ń pè ní Nigeria 75/1, lára kòkòrò àrùn tí a rí lára ewúrẹ́ ní ilẹ̀ wa ní ọdún 1975 ni a ti ṣe é. Ẹ bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀ kí àrùn tó dé.

Mo mọ̀ pé Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1988 ti da ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ pupa Kalahari ti South Africa pọ̀ mọ́ tiwa, kí ara rẹ̀ lè tóbi sí i. Iṣẹ́ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n kí a tó da ẹ̀jẹ̀ méjì pọ̀, tiwa gbọ́dọ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹ kò nílò ọgbà ọba tàbí adájọ́ láti òkè òkun. Àgbàlá yín tó, ojú yín tó, ìwé kékeré àti kálàmù sì tó. Bí ọjọ́ ìnáwó bá dé, ẹ ta akọ, ẹ ta èyí tí kì í tọ́ ọmọ rẹ̀ yè. Ẹ jẹ́ kí ìyá tí ó dára gbó sí àgbàlá yín.