Ọwọ́ Òsì Òfin, Ọwọ́ Ọ̀tún Àánú: Ìwé Ìyọ̀ǹda Póòpù ní Ilẹ̀ Bìrìtéènì Àtijọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a ó fi fà á mọ́ra. Kò sí àwùjọ tí ó gbé òfin kalẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn. Òfin tí kò bá ní ojú àánú rárá yóò fọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó dáàbò bò. Èyí tí ẹnikẹ́ni bá sì lè fi owó yẹ̀ sílẹ̀ ti di ọjà. Láti ọ̀rúndún kẹtàlá títí dé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àárín ọ̀nà méjèèjì yìí ni Ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀ Bìrìtéènì ń rìn. Ohun tí ó fi ń rìn ín ni ìwé kan tí wọ́n fi òjé ṣe èdìdì rẹ̀, ìyẹn ìwé ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ Póòpù.

Ìyọ̀ǹda yìí kì í ṣe ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pípa òfin rẹ́. Òfin wà níbẹ̀ gbọnin-gbọnin. Ohun tí Póòpù ń sọ ni pé nínú ọ̀ràn lágbájá, nítorí ìdí báyìí, òfin náà kò ní mú un. Àwọn amòfin Ìjọ sì là á kalẹ̀ pé òfin tí ènìyàn ṣe nìkan ni Póòpù lè yọ ẹnìkan kúrò nínú rẹ̀. Èyí tí Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ pa láṣẹ kọjá agbára rẹ̀. Ààlà yìí dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé lásán, ṣùgbọ́n òun ni ó padà wá ya ìjọba kan kúrò lára Rómù.

Kí ọ̀rọ̀ tó yé ènìyàn, ó yẹ kí ó mọ bí Ìjọ ṣe pín ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní bíṣọ́ọ̀bù 17, Wéèsì ní 4. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà méjì ni ó wà lórí gbogbo wọn: ti Canterbury ní gúúsù àti ti York ní àríwá. Àgbègbè àwọn bíṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí kò dọ́gba. Ti Lincoln bẹ̀rẹ̀ láti odò Humber, ó sì nà dé odò Thames. Skọ́tláǹdì yàtọ̀ pátápátá. Ní 1192, Póòpù kéde pé ọmọ pàtàkì ni Ìjọ ilẹ̀ náà jẹ́ fún Rómù láìsí alárinà, kò sì ní bíṣọ́ọ̀bù àgbà tirẹ̀ títí di 1472, tí wọ́n fi oyè náà dá St Andrews lọ́lá. Nígbà tí Ìjọ pín sí méjì láti 1378 títí di 1417, tí Póòpù kan wà ní Rómù tí èkejì wà ní Avignon, ti Rómù ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé, ti Avignon ni Skọ́tláǹdì tẹ̀ lé. Ìwé tí ẹnìkan ka sí òdodo ní ìhà kan odò Tweed lè jẹ́ ìwé irọ́ lójú aládùúgbò rẹ̀ ní ìhà kejì.

Ọ̀ràn tí ó ń gbé àwọn ènìyàn lọ sọ́dọ̀ Póòpù kò lóǹkà, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni ó gbajúmọ̀ jù: ìgbéyàwó, ìbí, ọjọ́ orí àti oyè àlùfáà tí ó ju ẹyọ kan lọ. Ní ti ìgbéyàwó, ìran méje ni òfin fi de ìbátan tẹ́lẹ̀. Ìgbìmọ̀ Lateran Kẹrin ní 1215 sọ ọ́ di mẹ́rin. Síbẹ̀, ìran mẹ́rin kì í ṣe kékeré ní abúlé tí gbogbo ènìyàn ti jẹ́ ẹbí ara wọn. Bíbá ènìyàn gbé ọmọ níbi ìrìbọmi pàápàá ń sọ ènìyàn di ìbátan. Nígbà tí Edward ọmọ ọba, tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Ọba Dúdú, fẹ́ fi Joan ti Kent ṣe aya ní 1361, ìbátan baba rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni obìnrin náà, òun fúnra rẹ̀ sì ti jẹ́ baba ìsàmì fún ọmọ rẹ̀. Àfi kí wọ́n kọ̀wé sí Póòpù.

Báwo ni ìwé náà ṣe ń jáde? Ẹni tí ọ̀ràn kàn yóò wá aṣojú tí ó mọ ọ̀nà. Aṣojú yóò kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ní èdè Látìn, ní ìlànà tí ọ́fíìsì Póòpù là sílẹ̀. Bí Póòpù bá gbà, yóò kọ ọ̀rọ̀ Látìn kan, *fiat*, tí ó túmọ̀ sí 'kí ó rí bẹ́ẹ̀', pẹ̀lú lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ tí ó ń jẹ́ kí ó tó gorí oyè. Ọ́fíìsì mìíràn wà tí kádínà kan ń ṣe olórí rẹ̀, tí ó ń gbọ́ ọ̀ràn ẹ̀rí ọkàn, tí ó sì ń fúnni ní ìyọ̀ǹda lórúkọ Póòpù. Ìwé àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì yìí tí ó ṣẹ́kù bẹ̀rẹ̀ láti 1410. Ọdún 1983 ni wọ́n tó ṣí i fún àwọn oníwàádìí, ohùn àwọn tí kì í ṣe ọba tàbí ìjòyè sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú rẹ̀.

Ìwé kì í parí ọ̀ràn ní Rómù. Lọ́pọ̀ ìgbà, bíṣọ́ọ̀bù ilé ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, pé kí ó wádìí bóyá òótọ́ ni ohun tí ẹlẹ́bẹ̀ sọ, kí ó tó fún un ní ìyọ̀ǹda. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: Póòpù tí ó jìnnà kò gbọ́ ju ẹnu ẹlẹ́bẹ̀ lọ, nítorí náà ó di dandan kí ẹni tí ó wà nítòsí bi àwọn ará ilé léèrè. Ìwé tí ènìyàn bá fi irọ́ gbà, tàbí tí ó fi òtítọ́ pamọ́ gbà, kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró.

Ìyọ̀ǹda kan wà tí yóò wu gbogbo olùkọ́. Òfin sọ pé kí àlùfáà máa gbé láàrin àwọn tí ó ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ àlùfáà tí kò kàwé? Ní 1298, Póòpù Boniface Kẹjọ fi òfin kan lọ́lẹ̀ tí ó fún bíṣọ́ọ̀bù lágbára láti yọ̀ǹda fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọ pé kí ó lọ kàwé ní yunifásítì fún ọdún tí kò ju méje lọ. Owó ìjọ náà ni yóò fi kàwé, bí ó bá ti fi adelé tí ó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ sílẹ̀. Orúkọ irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ọ̀rọ̀ ìsinmi ìkẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní.

Ọ̀ràn ìbí ni ó ń dunni jù. Ọmọ tí a kò bí sínú ìgbéyàwó, pàápàá ọmọ àlùfáà, kò lè di àlùfáà láìsí ìyọ̀ǹda. Baba dẹ́ṣẹ̀, ọmọ ń ru ẹrù. Erasmus, ọ̀mọ̀wé ńlá ará Rotterdam, jẹ́ ọmọ àlùfáà, wọ́n sì ti fi í sí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní ọ̀dọ́. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún tàbí kí ó súnmọ́ ọn nígbà tí ó rán ẹ̀bẹ̀ sí Póòpù Leo Kẹwàá pé kí àbùkù ìbí rẹ̀ má ṣe dí òun lọ́nà oyè mọ́, kí wọ́n má sì fi dandan mú òun wọ aṣọ ẹgbẹ́ náà mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1517, ní Westminster, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Andrea Ammonio, tí ó jẹ́ akọ̀wé Látìn fún Ọba Henry Kẹjọ, ni ó mú àṣẹ Póòpù ṣẹ lórí rẹ̀. Ẹni tí gbogbo Yúróòpù ń ka ìwé rẹ̀ ṣì ní láti gba ìwé pé ó yẹ ní ẹni tí ó ń jẹ́.

Ní Skọ́tláǹdì, ìwé ìyọ̀ǹda kan ni ìdílé ọba gbẹ́kẹ̀ lé. Robert Stewart àti Elizabeth Mure ti bí ọmọ púpọ̀ fún ara wọn kí ìgbéyàwó wọn tó tọ́ lójú Ìjọ, nítorí ìbátan ni wọ́n. Ní 1347, Póòpù Clement Kẹfà yọ̀ǹda fún wọn láti fẹ́ ara wọn, ó sì sọ àwọn ọmọ náà di ọmọ ilé. Elizabeth kú, Robert fẹ́ Euphemia ti Ross ní 1355 pẹ̀lú ìyọ̀ǹda mìíràn, ó jọba ní 1371. Àwọn ọmọ ìyàwó wo ni adé tọ́ sí? Ilé aṣòfin fi òfin to àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ní 1373, wọ́n fi ti Elizabeth ṣáájú, ṣùgbọ́n iyèméjì kò tán. Nígbà tí wọ́n pa Ọba James Kìíní, ọmọ-ọmọ Elizabeth, ní Perth ní 1437, Walter, Ẹ́ẹ̀lì Atholl, ọmọ Euphemia, wà lára àwọn tí wọ́n pa nítorí ọ̀tẹ̀ náà.

Títí dé ibí yìí, ọwọ́ ọ̀tún ni ó hàn. Ọwọ́ mìíràn fara hàn nínú ọ̀ràn oyè púpọ̀. Lateran Kẹrin ti sọ pé kí ẹnìkan má ṣe gba ìjọ méjì tí ó ní ìtọ́jú ọkàn nínú; Póòpù John Kejìlélógún tún le mọ́ ọn ní 1317. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ní ọ̀gá ńlá lẹ́yìn a máa rí ìyọ̀ǹda gbà. Kádínà Thomas Wolsey jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti York láti 1514. Ó ń gba oyè bíṣọ́ọ̀bù mìíràn mọ́ ọn, ó fi Bath and Wells sílẹ̀ fún Durham, ó fi Durham sílẹ̀ fún Winchester, ó sì tún jẹ olórí ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn St Albans. Thomas Wynter, ọmọ tí ó bí láìgbéyàwó, di ẹni tí ó ń kó oyè jọ láti kékeré. Ìwé tí ó tu ọmọ àlùfáà aláìní nínú náà ni ó di àkàbà fún ọmọ kádínà. Ẹni tí irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ ń pa lára kò sì sí níbi tí wọ́n ti ń lẹ èdìdì mọ́ ọn: àgbẹ̀ tí ń kú lọ ní abúlé tí kò rí àlùfáà tí yóò gbàdúrà sí i létí.

Ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dákẹ́. Òfin 1351 lòdì sí bí Póòpù ṣe ń yan ènìyàn sípò. Ti 1353 lòdì sí gbígbé ẹjọ́ jáde kúrò ní ilé ẹjọ́ ọba. Àmọ́ ọba tí ó fọwọ́ sí òfin wọ̀nyí náà ni ó tún ń bẹ Póòpù pé kí ó fún àwọn ènìyàn òun lóyè.

Ọ̀ràn tí ó já okùn náà jẹ́ ti opó. Arthur, àkọ́bí Ọba Henry Keje, kú ní 1502, oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú Catherine ti Aragon. Wọ́n fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ fẹ́ opó náà. Kò ní ṣe Yorùbá tí ó mọ opó ṣíṣú ní kàyéfì, ṣùgbọ́n òfin Ìjọ kọ̀ ọ́. Póòpù Julius Kejì yọ̀ǹda ní 1503, Henry Kẹjọ sì fẹ́ Catherine ní 1509. Nígbà tí ó di pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Mary, ni ó yè fún wọn, ọba rántí ìwé Léfítíkù tí ó kọ ìyàwó arákùnrin. Ó ní òfin Ọlọ́run ni, Póòpù kò lágbára láti yọ òun kúrò nínú rẹ̀. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn Catherine tọ́ka sí Diutarónómì, níbi tí wọ́n ti pàṣẹ pé kí àbúrò ṣú opó ẹ̀gbọ́n tí kò bímọ. Catherine fúnra rẹ̀ dúró lórí pé Arthur kò mọ òun rí. Kádínà méjì jókòó sórí ẹjọ́ náà ní Blackfriars ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1529, wọn kò sì dá a.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ yani lẹ́nu. Ní 1534, ilé aṣòfin fòfin de gbígba ìyọ̀ǹda láti Rómù. Ṣùgbọ́n wọn kò fòfin de ìyọ̀ǹda. Wọ́n gbé agbára náà lé Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury lọ́wọ́, ọ́fíìsì tí ó ń bójú tó o sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Àwọn tí wọ́n lé Póòpù lọ kò rí i ṣe láìsí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò jìnnà sí ẹni tí yóò bá di olùkọ́. Ọjọ́ ń bọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò dúró níwájú rẹ̀ pé kí òfin má mú òun. Kò yẹ kí ó kọ̀ láìgbọ́, kò sì yẹ kí ó gbà láìwádìí. Lẹ́yìn tí ó bá sì ti gbọ́ tẹni tí ó ń bẹ̀bẹ̀, kí ó rántí ẹni tí kò sí níbẹ̀, tí àánú náà lè di ìyà fún. Níbi tí wọ́n ti gbàgbé ẹni yẹn ni ọwọ́ ọ̀tún ti ń di ọwọ́ òsì.