Wákàtí Mẹ́fà Lẹ́bàá Ibùsùn

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin òǹkàwé wa lè má tí ì gbọ́ orúkọ àìsàn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní multiple sclerosis rí. Kò yani lẹ́nu. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun, onímọ̀ nípa àìsàn iṣan àti ọpọlọ ní UCH, Ìbàdàn, jẹ́rìí sí i pé ó ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ṣùgbọ́n ó wọ ìdílé tèmi.

Àbúrò mi obìnrin tí ó ń gbé London ni ó ń bá a fínra. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ-ogun ara tí ó yẹ kí wọ́n máa lé kòkòrò àrùn ni wọ́n ń jẹ awọ tí ó bo iṣan. Ojú lè ṣú, ẹsẹ̀ lè wúwo. Bí ọgbẹ́ náà bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí ọkàn ti ń gba àṣẹ, ìlùkìkì ọkàn lè dàrú.

Oògùn náà tún ní tirẹ̀. Fingolimod, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2010, ni ó ń lò láti ọdún kan. Oògùn yìí a máa mú kí ọkàn falẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣọ́ aláìsàn fún wákàtí mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú ẹ̀rọ ECG.

Nígbà tí ó wá kí wa ní Trans-Nkisi, ní Onitsha níhìn-ín, àpótí tí oògùn wà nínú rẹ̀ sọnù lọ́nà. Kí a tó rí i gbà, ọjọ́ 18 ti kọjá. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní, “Ṣebí oògùn rẹ náà ni, gbé e mì.”

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi,” ni ó dáhùn. “Bí ó bá ti lé ní ọjọ́ 14 tí mo fi í sílẹ̀, mo ti di ẹni tí kò lò ó rí.”

Òótọ́ ni ó sọ. Mo pe dókítà rẹ̀ ní London. Ó ní kí a wá ibi tí ECG àti abẹ́rẹ́ atropine wà, bí ọkàn bá falẹ̀ jù. Ooru ti ń dà á láàmú (ara alárùn yìí kì í fẹ́ ooru rárá), iná kò sì dúró, ṣùgbọ́n a rí ilé ìwòsàn kan tí ó ní jẹnẹrétọ̀ gidi.

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni ó gbé e mì. Nọ́ọ̀sì jókòó tì í, èmi ń fa tẹ̀sùbáà. Ìlùkìkì ọkàn rẹ̀, tí ó jẹ́ 78 ní ìṣẹ́jú kan, wálẹ̀ sí 54 ní wákàtí karùn-ún. Òòyì kọ́ ọ díẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Nígbà tí aago méjì lù, ó ti gòkè sí 61.

Bí wọ́n ti yọ okùn ẹ̀rọ kúrò láyà rẹ̀, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ewúro ni ó bèèrè.